Ọwọ́ Mi Lórí Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹfà

Dókítà fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò gbé ohùn sókè, kò sì fi oyin sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní bí Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò bá fi hàn kó tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀ pé ohun tí a ń sọ ń yé e, wọ́n á gbé e lọ sí ilé tó wà lẹ́yìn odò. Mo ti dé ilé náà rí. Wọ́n ń bọ́ àwọn aláìsàn níbẹ̀, wọ́n ń yí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń pa aṣọ wọn dà. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé ẹ ti rí i kó dáhùn rí, mà?"

Mo ní ojú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

"Ìpéǹpéjú tó ń ṣẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìdáhùn, mà."

Ọgbọ̀n ọdún ni Ẹ̀gbọ́n fi tẹ ọ̀rọ̀ adájọ́ àti ọ̀rọ̀ olè sínú ìwé ní kóòtù. Ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá máa ń rọ̀ bí òjò lórí páànù. Àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ méjèèjì, ó gba ohùn, láàárín ìgbà tó wọ balùwẹ̀ àti ìgbà tí omi ìwẹ̀ tutù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù kẹfà

Mo gbé kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n àti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ láti ilé lọ sílé ìwòsàn, mo fi kíbọ́ọ̀dù sábẹ́ ìka rẹ̀ lórí ibùsùn. Àwọn lẹ́tà orí rẹ̀ ti pa rẹ́ tipẹ́. Kò nílò wọn. Ìka ìtọ́ka rẹ̀ bọ́ lé J, kò sì lè gbéra mọ́. J kún ojú ìwé kan, ó bọ́ sí ìkejì.

Awọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹ̀gbọ́n bí nìyẹn. Ilẹ̀ ló ń wọ̀n, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jáde lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó padà, imú rẹ̀ ti pọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹfà

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Wáyà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kò sí ẹ̀rọ tí ọkùnrin yìí kò lè tú, àmọ́ kì í ṣe gbogbo èyí tó tú ló ń tò padà. Mo bi í bóyá a lè mú kí kíbọ́ọ̀dù rọ̀ sí i. Kò dáhùn. Ó mú screwdriver, ó tú u níwájú mi.

"Ẹ wá bá mi wá A nínú rẹ̀."

Kò sí A níbẹ̀. Rọ́bà rírọ̀ kan ló wà níbẹ̀, ó ní ọyàn kéékèèké, ọ̀kan lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá méjì wà tí wọ́n ya ìlà dúdú sí: ìlà tó dúró, ìlà tó dùbúlẹ̀. Tí ìka bá tẹ bọ́tìnnì, ìlà méjì á fẹnu kanra, iná á kọjá. Ní igun kan ni ọpọlọ kékeré wà, kò ju èékánná lọ.

"Eléyìí kò níṣẹ́ méjì ju ìbéèrè lọ," ni Wáyà wí. "Á lọ sí ìlà kìíní: *Ta ni wọ́n tẹ̀?* Kò sẹ́ni. Ìlà kejì: *Ta ni wọ́n tẹ̀?* Á tún yí i ká kí ẹ tó ṣẹ́jú, láìmọye ìgbà. Tó bá rí ẹnì kan, kò ní sọ pé A ni. Á sọ pé: ìlà kẹta, ẹnì kejì láti ẹ̀gbẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibùgbé yẹn di lẹ́tà."

Mo ní ó jọ mí. Láti kékeré ni Ẹ̀gbọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ìbéèrè.

"Ẹ̀yin náà ẹ máa ń dúró gbọ́ èsì?" ni Wáyà bi mí. Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù kẹfà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A ti gbìyànjú mẹ́ta lọ́jọ́ mẹ́ta.

Ojú gíláàsì tí wọ́n ń fọwọ́ kàn: iná tín-ín-rín tó wà lára èèyàn ni gíláàsì náà ń mọ̀, kì í ṣe agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ Ẹ̀gbọ́n bọ́ lé e lápapọ̀, gíláàsì náà rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn: awọ fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbọ̀n bí èèyàn bá sọ̀rọ̀, ìgbọ̀n yẹn ló ń di iná. Ó gbọ̀n dáadáa. Àmọ́ "hùùn" nìkan ló ń jáde lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n. Kí ni kọ̀ǹpútà á fi í ṣe?

Kámẹ́rà tó ń wo ibi tí ojú ń wò: ilé ìwòsàn yá wa lò fún ọjọ́ kan. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ń já bọ́ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Kámẹ́rà wá ojú rẹ̀ títí, ojú tèmi tó wà lẹ́yìn ni ó rí.

Òjò láti àárọ̀. Ibi ìkówèésí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ṣófo. Mo to káàdì ìwé láìmọ ohun tí mò ń tò.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù kẹfà

Mo rí ọ̀nà!

Wáyà yá mi ní eku kọ̀ǹpútà, èyí tí à ń fọwọ́ tì kí ọfà lè rìn lójú rẹ̀. Ó yí i dojú dé kí n rí ìmọ́lẹ̀ pupa tó wà níkùn rẹ̀. Ó ní kámẹ́rà tó kéré ju ìrẹsì lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó ń ya ilẹ̀ tó ń rìn lé lórí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi àwòrán yìí wé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá kó lè mọ ibi tó yà sí. Ìdí nìyẹn tí kò fi ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì gíláàsì ilé ìwòsàn: kò rí nǹkan tó lè fi ṣe àmì. Mo tẹ́ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Pátákó lẹ́tà wà lójú kọ̀ǹpútà. Mo gbé ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n lé eku, mo gbé tèmi lé e lórí, kí ìwúwo rẹ̀ má bàa fà á sísàlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa lọ síbi tó bá wù yín." Ọwọ́ rẹ̀ sì lọ! O. M. I.

Mo fún un lómi. Ó mu ún.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù kẹfà

Gbólóhùn ni báyìí. *Ara mi ń yá. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Má sunkún, ọmọ mi àtàtà.* Mo fi han Awọnlẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ayọ̀ ló dí i lẹ́nu.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí nìkan ni mo sùn dáadáa. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìbéèrè kan yọjú. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Ọjọ́rú, 17 oṣù kẹfà

Dókítà wá wò wá. Ó dúró síbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ká apá kò.

"Ta ló ń ti eku yẹn, mà?"

"Àwa méjèèjì."

Ó kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kúrú. Èmi tí mo ń ka ìwé láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ì bá wù mí kí n ka ìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù kẹfà

Awọnlẹ̀ ní kí n jáde díẹ̀. Ó fi nǹkan kan han ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde wá, ó fi òòyà hàn mí, ó ní, "Ẹ wọlé, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì sọ ohun tí mo fi hàn wọ́n."

A jókòó. Ọwọ́ mi lórí ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n. O. O. Y. A. Mo yọ̀, mo wo Awọnlẹ̀.

Ó yọ síbí kan nínú àpò rẹ̀, ó fi lé orí ibùsùn.

"Síbí ni mo fi han Mọ́mì, Àǹtí. Ẹ̀yin nìkan lẹ rí òòyà."

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò lórí ti Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ má bínú. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀. Mọ́mì kò pè mí ní ọmọ mi àtàtà rí láyé yìí. 'Ìwọ yìí' ni wọ́n máa ń pè mí. Kí Mọ́mì dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta? Mọ́mì!" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "Ẹ̀yin lẹ máa ń dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

Ẹ̀gbọ́n ń wo àjà.

Ọjọ́ Àìkú, 21 oṣù kẹfà

Mi ò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù kẹfà

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Mi ò purọ́. Bí wọ́n bá ní kí n búra, màá búra pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń lọ, tí tèmi ń tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ìrìn ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tèmi. Kí wá ni mo gbọ́? Ṣé ọwọ́ èèyàn lè sọ̀rọ̀ kí ẹni tó ni ọwọ́ má mọ̀? Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa àwọn tó gbọ́ ohùn òkú, tó rí ojú ọmọ nínú ìkùukùu. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo máa ń sọ pé ẹni tí nǹkan wù jù ló ń rí i níbi tí kò sí.

Mo dá eku padà fún Wáyà. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó nu eku náà lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Eku kò mọ ẹni tó dì í mú, Àǹtí. Ibi tí wọ́n bá tì í sí ló ń lọ. Ẹ má dá a lẹ́bi, ẹ má sì dá ara yín lẹ́bi jù."

Ó fẹ́ fún mi ní àga. Mo ní mo ń kánjú. Mi ò ní ibi tí mò ń lọ.

Ohun tó ń dùn mí jù rèé: ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń sọ̀rọ̀ gba ẹnu obìnrin tí kò lè ní kí n dákẹ́. Bó bá wà níbẹ̀, tó ń gbọ́ ńkọ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 oṣù kẹfà

Awọnlẹ̀ tú dúrọ́wà ìyá rẹ̀, ó rí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akọ̀wé tuntun ní kóòtù: ẹjọ́ àròsọ lórí ewúrẹ́ kan tó jẹ ìwé ilẹ̀. Ó gbé e wá kí Mọ́mì lè gbọ́ ohùn tó mọ̀. Agbẹjọ́rò inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo jókòó jìnnà, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú àpò mi. Ibẹ̀ ni mò ń fi wọ́n sí báyìí.

"Àǹtí. Ẹ wo ẹsẹ̀ Mọ́mì."

Ó ká aṣọ ìbora kúrò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé ẹsẹ̀ yẹn máa ń ta fúnra rẹ̀, kò ní ìtumọ̀. Agbẹjọ́rò sọ gbólóhùn kan, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Agbẹjọ́rò bọ́ sí òmíràn, wọ́n gbéra. Ó rọ̀, ó gbéra.

"Pẹ́dàlì," ni mo wí kí n tó mọ̀ pé mo lanu.

Abẹ́ tábìlì ni pẹ́dàlì máa ń wà. Tí akọ̀wé bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì á máa lọ. Tó bá gbé ẹsẹ̀, ohùn á dúró kí ìka lè bá a. Ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀gbọ́n ń gbìyànjú láti dá agbẹjọ́rò yẹn dúró!

Awọnlẹ̀ pa ohùn. Ẹsẹ̀ dúró. Ó tàn án, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó fi sí ibi tí adájọ́ ti ń sáré sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ sáré. Ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀, ó gbé ìwé náà fún mi. Mi ò yọ̀. Ayọ̀ ti tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 oṣù kẹfà

Pẹ́dàlì náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì ilé Ẹ̀gbọ́n. Ojú rẹ̀ ti jẹ níbi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ máa ń gbé. Wáyà tú u: irin pẹlẹbẹ kan, wáyà méjì, ó tán. Ó wá tú eku tí mo dá padà, ó gé wáyà bọ́tìnnì òsì rẹ̀, ó fi òjé jó ti pẹ́dàlì mọ́ ọn.

"Kọ̀ǹpútà á rò pé eku ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ má tú àṣírí fún un."

Lójú kọ̀ǹpútà, pátákó lẹ́tà ní ìlà mẹ́fà. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn lórí wọn fúnra rẹ̀: ìlà kìíní, ìlà kejì. Tó bá dé ìlà tó wù ọ́, tẹ ẹsẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á wọnú ìlà yẹn, á máa lọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tún tẹ ẹsẹ̀. Mo wò ó títí. Ohun tí ọpọlọ kékeré inú kíbọ́ọ̀dù ń ṣe níkọ̀kọ̀ náà nìyí, tí ó ń béèrè láti ìlà dé ìlà. A kàn ń bẹ̀ ẹ́ kó rọra béèrè ni.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù keje

Kò dára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí pẹ́dàlì, ìtẹ̀ kan ń di mẹ́ta. A rí *BBBGGF*. Wáyà ní àìsàn náà ń ṣe gbogbo bọ́tìnnì: irin máa ń fò díẹ̀ kó tó jókòó, àwọn tó ṣe kíbọ́ọ̀dù sì ti kọ́ ọ kó má ka ìfò yẹn sí. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún pẹ́dàlì: lẹ́yìn ìtẹ̀ kan, kó di etí fún ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko.

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù keje

Ìlà kan ni ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n fi ń pẹ́ lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, ní gbogbo ìgbà. A mú kí ìmọ́lẹ̀ lọ́ra: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ń sú èèyàn láti wò. Mo ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, orúnkún mi sì ń gbéra fúnra rẹ̀ lórí àga. Orúnkún mi! Mo bẹ̀rù ara mi.

Ọjọ́rú, 8 oṣù keje

Òjò wó òpó, kò sí iná. Ọjọ́ kan ti lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 oṣù keje

Èmi ni mo dá òfin náà sílẹ̀: kí Awọnlẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Kí ó fi nǹkan kan ṣoṣo han ìyá rẹ̀, kí òun náà kẹ̀yìn sí i, kó má wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn. Mo ka àwọn bíríkì ilẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tó ń fọ ilẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé wọ́n lé yín síta ni, mà?"

"Èmi ni mo lé ara mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ kí n rí abẹ́ àga."

Mo wà báyẹn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì lókè, nígbà tí Awọnlẹ̀ pariwo. Mo sáré wọlé lórí ilẹ̀ tútù. Ó wà lójú kọ̀ǹpútà: *KỌ́KỌ́RỌ́*. Kọ́kọ́rọ́ ilé Awọnlẹ̀ ló wà lórí ìrọ̀rí.

"Mo ní, 'Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?'" Awọnlẹ̀ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn!"

Lábẹ́ kọ́kọ́rọ́: *ÌWỌ YÌÍ*.

Ọjọ́rú, 15 oṣù keje

Dókítà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ó lé gbogbo wa jáde, títí kan nọ́ọ̀sì. Ó di nǹkan kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó fi han Ẹ̀gbọ́n, ó dì í padà. Lẹ́yìn náà ó ṣílẹ̀kùn kí a lè wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo gbọ́ pẹ́dàlì, *kẹ́ẹ́*, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, *kẹ́ẹ́*.

Dókítà wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó wá àga, ó jókòó. Mi ò rí i kó jókòó rí. Ó la ọwọ́ rẹ̀ sí wa: bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ tó já, ohun kan náà tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àgbà: "Mà, ẹ kò ní lọ sí ẹ̀yìn odò. Tí ẹ bá kúrò níbí, ibo ló wù yín kí ẹ máa gbé?"

Mo ti mọ èsì. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti kó ìwé kúrò ní yàrá iwájú mi, tí mo ti wọn ẹnu ọ̀nà bóyá ibùsùn á kọjá. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn. Mo di ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ra wọn.

*ILÉ ỌMỌ MI.*

Wọ́n ń kí wa. Awọnlẹ̀ dì mọ́ mi. Mo kí i padà, mo rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Ó dùn mí wọ egungun. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé mi ni mo mọ̀ pé mi ò tún ní ṣiyèméjì láéláé. Ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́. Ká ní èmi ni, mi ò jẹ́ kọ ọ́ láyé.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù keje

Òjò ti dá. Awọnlẹ̀ lọ ṣí ilé sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Mo sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́, mo sọ̀rọ̀ nípa iye tí wọ́n ń ta ọṣẹ báyìí, mo sọ pé inú mi dùn sí ilé Awọnlẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo rí i pé ìka ọwọ́ rẹ̀ tutù, mo dì í mú.

Pẹ́dàlì dún. Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó tó ìdajì wákàtí kó tó parí.

*ÌYÁ ÌBÉÈRÈ. MÁ DI ỌWỌ́ MI MÚ. BÉÈRÈ.*

Mo kà á. Mo tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé tèmi lé itan ara mi. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ Wáyà, lọ́wọ́ dókítà, lọ́wọ́ ìwé, lọ́wọ́ ara mi. Mi ò bi Ẹ̀gbọ́n ní ohun kan tí mi ò ti mú èsì rẹ̀ dání.

Mo kọjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ kò fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi?"

Ìlà kìíní. Ìlà kejì. Mi ò gbé orúnkún. Ìlà kẹta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lórí pẹ́dàlì, ìmọ́lẹ̀ wọnú ìlà náà.